Dá Ìgò Mi Padà! Ẹ̀kọ́ lórí Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń Lọ tó sì ń Padà Bọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, agogo ò tíì lù, ẹ jẹ́ ká jọ dúró díẹ̀ níwájú pátákó yìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí gùn ju ti ìyókù lọ, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín lábẹ́ igi máńgòrò.

Gbogbo wa la mọ ìyá tó ń ta mínírà lẹ́nu géètì. Ẹ mọ òfin rẹ̀. Tí o bá ra mínírà onígò, ibẹ̀ náà lo ti máa mu ún tán. Tí o bá fẹ́ gbé e lọ, wàá fi owó ìgò sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo gbàgbé, mo ń gbé ìgò lọ sí kíláàsì. Ni ìyá bá pariwo tẹ̀lé mi: "Ìwọ ọmọ yìí, dá ìgò mi padà! Mínírà lo rà, o ò ra ìgò!" Àwọn ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi dúró, mo ń ronú. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni mo máa sọ̀rọ̀ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì ní ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa, mi ò sì tíì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá oní-mínírà ti bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Ní táàmù tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì olómi méjì. Ìgò oníke, omi díẹ̀, àti pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Èkíní há sórí òrùlé, a ò rí i mú sọ̀ kalẹ̀ títí di òní. Èkejì já lulẹ̀, ó rún wómúwómú. Owó tí a dá jọ tán. Olùkọ́ wa ní tí ẹ̀kẹta bá tún ṣòfò, a ó fi eré náà sílẹ̀, ká padà sí ìwé kíkà. Ọ̀rẹ́ mi kan tún wá fi iyọ̀ sójú egbò. Ó ní: "Rọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ní Odògbólú níbí? Iná ò tíì dé láti àná. Kí ló kàn wá?"

Ìbéèrè méjì nìyẹn. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ṣòfò? Kí ló sì kàn wá? Màá gbìyànjú láti dáhùn méjèèjì.

Kí ló ń tì í lọ sókè?

Ẹ fẹ́ bàlúùnù, ẹ má so ó lẹ́nu, ẹ wá jù ú sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ á jáde sẹ́yìn, bàlúùnù á sá lọ síwájú. Òfin kẹta Newton tí wọ́n kọ́ wa nínú Físíìsì nìyẹn: bí o bá ti nǹkan, nǹkan náà á tì ọ́ padà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ti ilẹ̀, kì í sì í ti afẹ́fẹ́ ìta. Gáàsì gbígbóná tó ń tú jáde nídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń tì. Ìdí nìyẹn tó fi lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n iná kì í jó láìsí ọ́síjìn. Ẹ́ńjìnnì bàálù ń fa afẹ́fẹ́ mu bó ṣe ń lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí níbi tó ń lọ, kò sí nǹkan tó fẹ́ fà mu. Ó ní láti ru ọ́síjìn tirẹ̀ dání láti ilé, èyí tí wọ́n ti mú tutù débi pé ó di omi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí rọ́kẹ́ẹ̀tì gàgàrà, ẹ má rò pé èèyàn ló kún inú rẹ̀. Epo àti ọ́síjìn ló gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gíga ni ìṣòro. Rárá o, eré ni. Ibùdó òfurufú tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń lò wà ní nǹkan bíi 400 kìlómítà sókè. Tí ẹ bá gbé nǹkan dé ibẹ̀ tí ẹ sì fi í sílẹ̀ lásán, ó máa já padà wálẹ̀ ni. Ẹ ju òkúta síwájú, á já bọ́ nítòsí. Ẹ fi agbára jù ú, á jìnnà díẹ̀ kó tó já bọ́. Ayé rí róbótó. Tí òkúta náà bá lè sáré débi pé bó ṣe ń já bọ́ ni ilẹ̀ ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí kò sì sí afẹ́fẹ́ tó máa dá a dúró, kò ní balẹ̀ mọ́, á kàn máa yí ayé ká ni. Eré tó gbà níbi gíga yẹn tó 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó bá sá irú eré bẹ́ẹ̀, bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlá ló máa fi rin 100 kìlómítà. Ẹ fi ìyẹn wé wákàtí tí a máa ń lò nínú gó-sílóò kí a tó wọ Èkó.

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè ní irú eré yẹn, wọ́n máa ń ṣe é ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta lórí ara wọn. Ìpele ìsàlẹ̀ ló tóbi jù, òun ló ní ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ jù, òun ló ń gbé gbogbo ẹrù la afẹ́fẹ́ tó ki kọjá. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, epo rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, á já kúrò, ìpele òkè á sì máa bá eré lọ. Ìpele ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni ìgò inú ìtàn wa.

Mọ́tò tí a jù sínú ọ̀sà

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, àbá lásán ni o. Ká ní mọ́tò kan wà ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, èèyàn mẹ́rìnlá ló ń gbé lọ sí Èkó, mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni wọ́n sì rà á. Ká wá ní bó bá ti dé Èkó, tí èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, awakọ̀ á wà á wọ inú ọ̀sà, á lọ ra òmíràn. Èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ èrò kọ̀ọ̀kan? Ẹ fi 14 pín 10,000,000: ó lé ní 714,000 náírà lórí ẹnì kan, a ò sì tíì ka owó epo. Tí mọ́tò náà bá rin ìrìn-àjò mẹ́wàá kó tó bàjẹ́, ó di bíi 71,400. Tó bá rin ẹgbẹ̀rún kan, ó di bíi 714 náírà péré.

Mọ́tò kan náà ni o, awakọ̀ kan náà, epo kan náà. Àbọ̀ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Epo tó ń jó kéré púpọ̀ lára owó ìrìn-àjò rẹ̀. Ara rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń jẹ owó, àwọn náà ni wọ́n sì ń jù sínú òkun tàbí sínú igbó. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò gbìyànjú rí. Ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Space Shuttle ń lọ, ó ń bọ̀, láti 1981 títí di 2011, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó ń gbà kó tó tún gbéra pọ̀ débi pé owó ò dín kù. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Amẹ́ríkà, SpaceX, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 21 oṣù Kejìlá 2015, ìpele ìsàlẹ̀ Falcon 9 wọn gbé ẹrù lọ, ó padà wá, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 30 oṣù Kẹta 2017, wọ́n lo ìpele tó ti lọ rí láti tún gbé ẹrù mìíràn. Láti ìgbà náà, ó ti di ohun ojoojúmọ́ fún wọn.

Báwo ló ṣe ń padà?

Àwọn àgbà ní àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́, àlọ nìkan ló mọ̀. Èyí tó ń padà ní láti ṣe nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, lẹ́yìn tó bá já kúrò lára ìpele òkè, ní bíi 70 kìlómítà sókè, á yí ara rẹ̀ padà kí ìdí rẹ̀ lè ṣáájú.

Èkejì, á tún tan díẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti dín eré kù, kí ooru má bàa jó o bó ṣe ń wọ inú afẹ́fẹ́ tó ki.

Ẹ̀kẹta, á lo apá kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókè. Kọ̀ǹpútà á máa yí àwọn apá yìí sọ́tùn-ún sósì láti darí rẹ̀ sí ibi tó máa balẹ̀ sí.

Ẹ̀kẹrin ló le jù. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, á tan ẹ́ńjìnnì ìkẹyìn, á na ẹsẹ̀ rẹ̀. Eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ di òdo lásìkò kan náà tí gíga rẹ̀ di òdo. Tó bá pẹ́ jù, á fọ́. Tó bá yá jù, wàhálà tún ni: ara rẹ̀ ti fúyẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ti ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, epo á sì tán mọ́ ọn lókè.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe le tó? Ẹ gbé igi ìgbálẹ̀ nàró sórí àtẹ́lẹwọ́ yín, kó má ṣubú. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ yín ò lè dúró lójú kan, ẹ ó máa sá tẹ̀lé ìsàlẹ̀ igi náà. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ìdí rẹ̀ nìyẹn láti mú rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé igi tirẹ̀ ga bí ilé alájà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú, àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ní.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí. Epo tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń padà, kò sí ẹni tó ń bá a gbé e pàdé lọ́nà. Láti ilẹ̀ ló ti gbé e, ó sì fi í pamọ́ ní gbogbo ìgbà tó ń gòkè. Apá àti ẹsẹ̀ náà ní ìwọ̀n tiwọn. Nítorí náà, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa padà kì í lè gbé ẹrù tó bí èyí tí wọ́n máa jù nù. Ó ń fi ẹrù òní sílẹ̀ kó lè tún gbé tọ̀la. Gbogbo wa táa ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ̀ ọ́n. Tí Dádì bá fún wa lówó ká lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá fi gbogbo ẹ̀ jẹ súyà, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn bọ̀. Owó ọkọ̀ àbọ̀, àtàárọ̀ la ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Àwọn ọmọ iléeṣẹ́ tuntun ní Ṣáínà

SpaceX nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo Ṣáínà, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó jọ tiwa jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba nìkan ló ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Lọ́dún 2014, ìjọba wọn ṣílẹ̀kùn fún owó àwọn aládàáni, iléeṣẹ́ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú. Ní oṣù Keje 2019, ọ̀kan nínú wọn, i-Space, kọ́kọ́ gbé sátẹ́láìtì dé òkè. LandSpace ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 2015. Zhang Changwu, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, iṣẹ́ owó ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo àkọsílẹ̀ wọn:

Oṣù Kẹwàá 2018: Zhuque-1, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́, gbéra. Kò débi tó ń lọ.

Oṣù Kejìlá 2022: Zhuque-2 gbéra. Òun náà ò débẹ̀.

12 oṣù Keje 2023: Zhuque-2 tún gbéra, ó sì débẹ̀. Òun ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ń jó gáàsì methane tó wọ ipa-ọ̀nà yíyí ayé ká.

Oṣù Kẹsàn-án 2024: wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ìdánwò kan gòkè tó bíi 10 kìlómítà. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n tún un tàn lójú òfurufú, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

3 oṣù Kejìlá 2025: Zhuque-3, tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án nídìí, gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìpele òkè débi tó ń lọ. Ìpele ìsàlẹ̀ padà wá, ó kù díẹ̀ kó balẹ̀, nǹkan bàjẹ́, ó já lulẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ṣe sílẹ̀ dè é.

Ẹ tún un kà. Nínú ìlà márùn-ún yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò débẹ̀ rárá, ìlà ìkẹyìn sì jẹ́ àṣeyọrí lápá kan, ìjákulẹ̀ lápá kejì. Ti iléeṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, Space Pioneer, tún burú jù. Ní 30 oṣù Kẹfà 2024, wọ́n so ìpele ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Tianlong-3 mọ́lẹ̀ láti dán ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Ó já okùn, ó fò lọ, ó sì bú gbàù lórí òkè kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò pa èèyàn. SpaceX náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́ kùnà kí ẹ̀kẹrin tó dé òkè lọ́dún 2008. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò fọ́ nǹkan rí. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé ẹ̀rọ inú rọ́kẹ́ẹ̀tì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sílẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú-àáyá ìkẹyìn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ti lọ, àmọ́ àkọsílẹ̀ ò lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo methane? Ẹ lọ wo ìdí ìkòkò nílé ẹni tó ń fi sítóòfù kẹrosíìnì dáná. Dúdú kirikiri ni. Ẹ wá wo ti ẹni tó ń fi gáàsì dáná, ó mọ́ tónítóní. Falcon 9 ń jó oríṣi kẹrosíìnì kan, ó sì máa ń fi èérí dúdú sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Methane kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ẹni tó fẹ́ lo ìkòkò kan náà lójoojúmọ́ á fẹ́ iná tí kì í ba ìdí ìkòkò jẹ́. Methane kì í ṣe gáàsì inú sílíńdà wa o. Òun ló pọ̀ jù nínú gáàsì tó ń tinú ilẹ̀ jáde, irú èyí tí a ní lọ́pọ̀lọpọ̀ ní apá Niger Delta, tí a sì ń dáná sun lára rẹ̀ lásán.

Kí ló wá kàn wá?

Ó kàn wá torí pé èrò ni wá, owó ọkọ̀ là ń san. Ní 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, Rọ́ṣíà ló bá wa gbé NigeriaSat-1 lọ sókè. Ní oṣù Karùn-ún 2007, Ṣáínà gbé NigComSat-1. Wàhálà iná bá a lókè, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá 2008. Ṣáínà tún gbé èyí tó rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, ní oṣù Kejìlá 2011. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X láti Rọ́ṣíà. Àwọn ẹnjinníà Nàìjíríà ló kọ́ NigeriaSat-X, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́.

Èyí tó mú inú mi dùn jù kéré gan-an. Wọ́n ń pè é ní NigeriaEduSat-1. Fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, FUTA, ló ni ín, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú fásitì Kyushu Institute of Technology ní Jàpáánì. Àwọn ọmọ Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Jàpáánì náà ṣe tiwọn nínú iṣẹ́ kan náà. Kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Páálí ṣúgà lè gbà á. Ní 3 oṣù Kẹfà 2017, Falcon 9 gbé e lọ láti Florida sí ibùdó òfurufú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìpele ìsàlẹ̀ Falcon 9 yẹn padà wá balẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, àpótí Dragon tó kó ẹrù náà sì ti lọ òkè rí lọ́dún 2014. Ìrìn-àjò yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo Dragon kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ìgò tí wọ́n dá padà ni wọ́n fi rọ mínírà àwọn ọmọ Àkúrẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló kàn wá, ìdáhùn mi rèé. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń padà bá pọ̀ sí i, tí ọlọ́kọ̀ kò sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ilé-ìwé tí kò lówó púpọ̀ lè rí àyè fi àpótí kékeré rán sókè láti máa wo oko, odò àti omíyalé. Àmọ́ ẹrù la ní, a ò ní ọkọ̀. Ẹlẹ́rù kì í dá owó ọkọ̀ lé ara rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ibi tó jìnnà ni gbogbo ẹ̀ wà. NASRDA, àjọ ìjọba wa fún ọ̀rọ̀ òfurufú, ní ibùdó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀pẹ́ ló wà. Ẹ̀pẹ́ níbí o, tí a máa ń lọ ra ẹja! Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde lówùúrọ̀ lè dé ibẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ká má tan ara wa o, iṣẹ́ ibẹ̀ ò tíì dé ibi tí LandSpace dé. Àwọn ará Ṣáínà yẹn ní owó tó pọ̀, ìjọba wọn sì ti ní ibùdó ìgbéra àti àwọn ẹnjinníà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí iléeṣẹ́ aládàáni tó dé. Ṣùgbọ́n ẹnjinníà tó máa ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ní ogún ọdún sí i, ní kíláàsì wo ló wà báyìí? Mo mọ̀ pé ó kéré tán, ẹnì kan ń sùn nígbà Físíìsì láàárín wa. Mi ò dárúkọ.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì wa kẹta

Lẹ́yìn tí mo ka gbogbo èyí fún ẹgbẹ́ wa, a ṣe ẹ̀kẹta. A bi ara wa ní ìbéèrè tí a ò bi ní táàmù tó kọjá: báwo ló ṣe máa padà? A ò ní ẹ́ńjìnnì tó lè tún tàn, nítorí náà a gé ọ̀rá ńlá, a fi okùn so ó bí agboòrùn, a ká a sínú imú tí a fi páálí ṣe. Ìwọ̀n agboòrùn yẹn mú kí ó má lọ sókè tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn kan sì kùn. Mo sọ fún wọn pé owó ọkọ̀ àbọ̀ nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, a fẹ́ ẹ. Ó gòkè, ó yí, agboòrùn kọ̀, kò ṣí. Ó já lulẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e, imú páálí nìkan ló tẹ̀; ìgò ò ya, apá rẹ̀ ò já. A kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé: okùn gùn jù, ó lọ́ mọ́ ara rẹ̀, a sì ká ọ̀rá náà mọ́ra jù. Olùkọ́ wa ka ìwé náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Èyí ò ṣòfò. Ẹ tún un ṣe." Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, lẹ́yìn ìsinmi gígùn, a ó tún un fẹ́ lórí pápá. Ìgò kan náà ni o. Ẹ wá wò ó, ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan án kó tó balẹ̀ tán.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá oní-mínírà, mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní: "Ó dáa, ọmọ mi. Èyí tó o gbé lọ lọ́jọ́ Ẹtì ìjẹta ńkọ́?"

Ìbéèrè fún yín

1. Kí ló dé tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń ru ọ́síjìn dání, tí bàálù kì í sì í ru tirẹ̀?

2. Nínú àbá mọ́tò wa, tó bá jẹ́ pé ìrìn-àjò 50 ló rìn kó tó bàjẹ́, èló ló máa kan èrò kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó epo?

3. Kí ló dé tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa padà kì í fi í lè gbé ẹrù tó bí èyí tí wọ́n máa jù nù?

4. Kí ni rọ́kẹ́ẹ̀tì onímethane fi sàn ju ti oníkẹrosíìnì lọ fún ẹni tó fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì lò?

Ẹ fi ìdáhùn yín sínú àpótí Ẹgbẹ́ Oníròyìn kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá gba gbogbo ẹ̀, òun ló máa fa pọ́ǹpù lọ́jọ́ Ẹtì.